Ìyá tí Ó Fi Ilẹ̀ Ya Ẹranko

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí ó bá ní iṣu lórí iná, kí ó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó padà wá, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́ kí a fi èkejì máa ṣọ́ ìkòkò. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, awọ ọ̀kan nínú wọn ni mo tẹ́ sábẹ́ ìdí yìí. Bí èmi àti iwin bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró, iwin ni ó máa ń bọ́ sínú koríko. Ṣùgbọ́n n kò ní fọ́nnu púpọ̀ lónìí, nítorí ìtàn náà kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jìnmí ni, ọdẹ abà Olómi, ẹni tí ó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́ fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì sọ ọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ó sunkún, ní ìgbà kejì ó sunkún, ní ìgbà kẹta èmi ni mo sunkún.

Abà Olómi wà láàárín ìlú ńlá méjì. Ìgbórò wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Ìkòsùn wà ní ìlà-oòrùn. Ilé mọ́kànlélógún péré ni ó wà ní abà náà, pẹ̀lú ìsun kan tí ó ń tú jáde lábẹ́ àpáta, tí kì í gbẹ bí ọ̀gbẹlẹ̀ ti wù kó mú tó. Ìlú méjèèjì ni àwọn ará abà ti ń fẹ́ ìyàwó, ọjà méjèèjì ni wọ́n ń ná. Ọmọ Ìgbórò ni bàbá Ọdẹ́jìnmí, ṣùgbọ́n Ìkòsùn ni òun ti fẹ́ Ìbídùn aya rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, obìnrin ni, Àjíún ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún méje ni, kò sì sí ohun tí kì í béèrè. Bí bàbá rẹ̀ bá ti inú ìgbẹ́ dé, ọmọ yìí á fẹ́ mọ orúkọ ẹran tí ó pa, orúkọ ìyá ẹran náà, àti ẹni tí yóò sọ fún ìyá ẹran náà pé ọmọ rẹ̀ kò ní bọ̀ mọ́. Ọdẹ́jìnmí a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ mìíràn wà tí ìbéèrè yẹn máa ń bá òun sùn.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ó gbé ọkùnrin yìí kúrò nílé, mo gbọ́dọ̀ sọ nípa awọ méjì kan fún yín. Ní ayé ìgbà náà, ọba tí ó bá fẹ́ kí ọ̀tá bẹ̀rù òun kì í fi ẹnu lásán sọ pé ilẹ̀ òun fẹ̀. Á wá ayàwòrán tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, á ní kí ó fi osùn àti ẹlú ya ilẹ̀ náà sórí awọ màlúù, àtòkè àtodò, àtabà àtọ̀nà. Ṣùgbọ́n ayàwòrán kò ní yà á bí ilẹ̀ ti rí. Yóò yà á kí ó di ẹranko tí ìlú náà fi ń ṣe àmì ara rẹ̀. Ẹkùn ni àmì Ìgbórò, nítorí náà ẹkùn ni ilẹ̀ Ìgbórò lórí awọ: ààfin ni orí rẹ̀, adágún omi méjì ni ojú rẹ̀, àwọn abà wẹ́wẹ́ ni tó-tò-tó ara rẹ̀, odò tí ó ń ṣàn lọ sí gúúsù ni ìrù. Erin ni àmì Ìkòsùn, nítorí náà erin ni ilẹ̀ Ìkòsùn: òkè ńlá ni ẹ̀yìn rẹ̀, igbó kìjikìji mẹ́rin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, oko ọba ni etí. Ní ọjọ́ ọdún wọ́n á gbé awọ náà jáde sí gbangba, àwọn ọ̀dọ́ á máa fò sókè pé, "Ilẹ̀ wa nìyẹn! Ẹ wo èékánná rẹ̀!" Àgbàlagbà á máa nu omi ojú. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí mo bá rí ẹkùn yẹn ní èwe mi, èmi náà ì bá fò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹsẹ̀ iwájú ẹkùn nà jáde bí ẹni fẹ́ họ nǹkan, èékánná rẹ̀ sì bà lé Olómi. Ọwọ́jà erin náà nà jáde bí ẹni fẹ́ fa omi mu, ẹnu rẹ̀ sì bà lé Olómi. Fún àádọ́ta ọdún, kò sí ẹni tí ó gbé awọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ìgbà tí òjò kọ̀ fún ọdún méjì gbáko, tí kànga Ìgbórò gbẹ, tí odò Ìkòsùn di ẹrẹ̀, ni ọba méjèèjì rántí ìsun Olómi. Wọ́n tú awọ wọn wò.

Olúgbórò, ọba Ìgbórò, ní, "Ẹkùn tí a gé lẹ́sẹ̀, ológìnní ni."

Oníkòsùn, ọba Ìkòsùn, ní, "Erin tí kò ní ọwọ́jà, kí ni yóò fi jẹun?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n idà. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó bi ilé mọ́kànlélógún léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà méjì kan láti ìlú méjèèjì ni wọ́n kíyè sí i pé àmì ọwọ́ kan náà ni ó wà ní igun awọ méjèèjì, àtẹ́lẹwọ́ obìnrin tí a tẹ̀ pẹ̀lú osùn, ìka mẹ́fà ni ó sì ní. Wọ́n ní, "Ẹni kan náà ni ó ya méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a wá a rí, kí ó sọ fún wa ẹni tí ó ni Olómi." Àwọn arìnrìn-àjò ní obìnrin náà ṣì wà láàyè, pé ó wà ní Ìlú Kìnnìún, ní òdìkejì Igbó Aṣìnilọ́nà, igbó tí ènìyàn mẹ́wàá ń wọ̀ tí ẹnì kan ń jáde. Àwọn ọba dá oṣù mẹ́ta fún wọn, wọ́n ní àwọn kò ní jà kí ó tó pé. Olúgbórò rán Ọdẹ́jìnmí. Oníkòsùn rán Lánìyọnu, ọ̀dọ́kùnrin alágbára kan, tí ó tún jẹ́ àbúrò Ìbídùn, ọmọ ìyá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń lọ, Ìbídùn dúró láàárín àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Bàbá Àjíún, Olúgbórò ni ó rán yín. Ìwọ Lánìyọnu, Oníkòsùn ni ó rán ọ. Èmi náà ń rán yín, bí n kò tilẹ̀ ní awọ kankan tí wọ́n ya ilẹ̀ mi sí. Ẹ jọ lọ, kí ẹ jọ bọ̀."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, nítorí kò fẹ́ kí ọmọ rí ojú òun.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo ti wọ igbó rí, ṣùgbọ́n Igbó Aṣìnilọ́nà kì í ṣe igbó. Àwọn igi ibẹ̀ máa ń ṣí ipò padà bí ẹni ń jó. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ní eyín ènìyàn, orúkọ bàbá rẹ ni wọ́n á fi kí ọ. Ohun tí ó burú jù ni pé igi ibẹ̀ máa ń fi ohùn òkú pe ni. Ní ọjọ́ kẹfà, Lánìyọnu gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tí ó ti kú láti ọdún mẹ́rin, ó ń pè é pé kí ó wá jẹ èkuru. Ó ju ìbọn sílẹ̀, ó ń lọ. Ọdẹ́jìnmí di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fi gbogbo ara sùn lé e títí ohùn náà fi dákẹ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Òótọ́ ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò nílé, wọn kò tíì jẹun pa pọ̀. Iná tirẹ̀ ni olúkúlùkù ń dá, nítorí ẹni tí ọba rán kì í fọkàn tán ẹni tí ọba mìíràn rán.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án wọ́n pàdé iwin kan tí ó jókòó di ọ̀nà pa. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́-Àgbá ni orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ tó aká àgbàdo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ti ọmọ ìkókó lọ, nítorí náà kì í dìde. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní, àtẹ́lẹwọ́ ni ó sì gbé e sí. Bí ó bá fẹ́ rí ọ, yóò na ọwọ́ sí ọ bí ẹni ń tọrọ nǹkan.

Ó na ọwọ́ sí wọn. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn. Ẹ fi ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn. Àlọ́ kan ni mo máa pa. Ẹnu kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ìgbà kan náà. Bí ọ̀kan bá dáhùn kí èkejì tó dáhùn, mo ti rí oúnjẹ àárọ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá bá ara mu, mo ti rí oúnjẹ àárọ̀ àti tọ̀sán."

Wọ́n fi ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn. Ọdẹ́jìnmí ní òun ń gbọ́ bí ọkàn Lánìyọnu ti ń lù lẹ́yìn òun, kì kì kì, bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó ń sá lọ.

Iwin ní, "Àlọ́ o!"

Wọ́n ní, "Àlọ̀!"

"Ọba ń gbà á, kò tó ọba. Ọba tún gbà á, kò tó ọba. Ọjọ́ tí ọba dákẹ́, wọ́n bu bíńtín fún un, ó tó o. Kí ni o?"

Ọ̀dọ̀ àwọn tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a ti ń wá ẹnu kan náà o! Ọdẹ́jìnmí mọ ìdáhùn náà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ìgbà tí yóò la ẹnu. Ó dúró. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn Lánìyọnu le, bí ẹ̀yìn ẹni tí ó fẹ́ gbé ẹrù. Ara rẹ̀ ni òun gbọ́, òun kò gbọ́ ẹnu rẹ̀.

Àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ilẹ̀!"

Iwin pa àtẹ́lẹwọ́ dé, omi ń jáde láàárín ìka rẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ kọjá. Ọ̀nà Ìlú Kìnnìún nìyẹn. Wíwọ̀ rẹ̀ kò le."

Ní ọjọ́ náà ni wọ́n dá iná kan ṣoṣo. Lánìyọnu sun iṣu, ó bù ú sí méjì, ó fi èyí tí ó tóbi fún Ọdẹ́jìnmí. Ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ohùn ìyá mi lọ́jọ́sí?" Ọdẹ́jìnmí ní, "Mo gbọ́ ọ. Èkuru ìyá rẹ dára nígbà ayé rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà wọn kò yàtọ̀ sí ọmọ ìyá kan.

Mo ti dé Ìlú Kìnnìún. Kì í ṣe pé mo fẹ́ẹ́ fọ́nnu, ṣùgbọ́n mo dé ẹnu ibodè rẹ̀ nígbà tí irun mi ṣì dúdú, mo sì padà sẹ́yìn láìsí ẹni tó lé mi. Ara ògiri ibodè ni wọ́n ya ilẹ̀ wọn sí, kìnnìún gàgàrà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú náà gba àwòrán gbọ́ ju ilẹ̀ lọ. Àwọn tí àdúgbò wọn bọ́ sí eyín kìnnìún ni ìjòyè. Àwọn tí ó bọ́ sí èékánná ni ológun. Àwọn tí ó bọ́ sí inú ikùn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa jẹun kí wọ́n máa sanra. Àdúgbò kan sì wà tí ó ṣèèṣì bọ́ sí abẹ́ ìrù, ẹ ti mọ ibi tí mo ń wí. Ìsàlẹ̀-Ìrù ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tí ń fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Bí ọmọ ibẹ̀ bá ń kọjá, àwọn ará ìlú á fi ọwọ́ di imú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọdẹ́jìnmí wò mí títí ẹ̀rín náà fi gbẹ lẹ́nu mi.

Wọ́n ní kí àlejò méjèèjì bú ramúramù kí wọ́n tó wọlé. Ọdẹ́jìnmí bú. Lánìyọnu bú, ó dún bí òbúkọ, àwọn oníbodè sì rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ́ kí ó kọjá. Wọ́n béèrè obìnrin oníka mẹ́fà kiri. Gbogbo ẹni tí wọ́n bi ń tutọ́ sílẹ̀, ó ń nawọ́ sí Ìsàlẹ̀-Ìrù.

Inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni wọ́n ti bá a. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, irun rẹ̀ funfun bí òwú, awọ kún ilẹ̀ yí i ká. Ìyá Olósùn ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ìka mẹ́fà, gbogbo wọn pọ́n láti èékánná dé ọrùn ọwọ́. Ọba ìlú náà kò jẹ́ kí ó lọ láti ogún ọdún. Ọdọọdún ni ó máa ń ní kí ó ya kìnnìún náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sì fi díẹ̀ tóbi ju ti èṣí lọ. Bí ó bá ti yà á tán, àwọn ológun á lọ gba ibi tí ó fi kún un.

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ya ẹkùn Ìgbórò?"

"Èmi ni. Mo jẹ́ ọmọge nígbà náà."

"Ṣé ẹ̀yin náà ni ẹ ya erin Ìkòsùn?"

"Èmi ni. Erin yẹn dára, àbí kò dára?"

Lánìyọnu ní, "Ìyá, ta ni ó ni Olómi?"

Ìyá náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ń wá orúkọ náà nínú orí rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. "Níbo nìyẹn?"

"Ibi tí èékánná ẹkùn dé. Ibi tí ọwọ́jà erin dé."

Ó ní, "Hẹn-ẹ́n! Ibẹ̀ yẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ gbọ́, ọmọ mi. Mo ti ya ẹkùn tán, ẹsẹ̀ kan ni ó kù tí n kò rí ilẹ̀ fún. Ẹkùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò ṣe é gbé fún ọba. Mo bi àwọn ìránṣẹ́ ọba pé kí ni ó wà níwájú, wọ́n ní igbó ni. Mo fi ẹsẹ̀ náà síbẹ̀. Nígbà tí Ìkòsùn náà ránṣẹ́ pè mí, ọwọ́jà erin wọn kúrú, ó ń dàbí imú ẹlẹ́dẹ̀. Mo fà á gùn díẹ̀ kí ó lè lẹ́wà. Kò sí ẹni tó ni ibẹ̀ nínú wọn. Ẹwà ni mo fi ṣe." Ó wá wo ojú Ọdẹ́jìnmí. "Ṣé ènìyàn ń gbé ibẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn, ìbínú tí ó gun Ọdẹ́jìnmí ní ọjọ́ náà, ó ní tí kì í bá ṣe irun funfun orí ìyá náà, òun ì bá hùwà tí òun yóò fi ròyìn fún Elédùmarè. Ó jókòó sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé mọ́kànlélógún náà fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan: ilé Ṣówándé tí ó ń gun ọ̀pẹ, ilé Ìyá Ìbejì tí ìbejì rẹ̀ kò sí mọ́ tí wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, ilé afọ́jú tí ó mọ ohùn gbogbo ewúrẹ́ abà, títí ó fi dé ilé tirẹ̀. Ó ní, "Ní ilé yẹn, Àjíún ọmọ mi ń gbé ibẹ̀."

Ìyá Olósùn ti awọ tí ó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ gbé mi lọ. Ẹnu tí mo fi dákẹ́ ni mo máa fi sọ ọ́."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n mú un jáde, nítorí ní ọ̀sán gangan gbogbo ará ìlú náà máa ń dojú kọ ààfin, wọ́n á di ojú, wọ́n á bú ramúramù ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ọdẹ́jìnmí fi ọ̀já pọ̀n ọ́n bí ọmọ. Arúgbó náà kò wúwo ju àkùkọ kan lọ. Wọ́n ti kọjá ibodè kí bíbú náà tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó fi àwòrán ṣe ẹ̀mí, kì í pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ayàwòrán ti lọ. Nígbà tí wọ́n dé odò tí ó jẹ́ ààlà, tí igi kan ṣoṣo tí ó wó dábùú rẹ̀ jẹ́ afárá, ariwo àwọn ológun ti wà lẹ́yìn wọn.

Lánìyọnu dúró ní orí igi náà. Ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, ẹ máa lọ."

"A jọ ń lọ ni."

"Bí a bá jọ dúró, a ó jọ kú, ìyá yìí á padà sí Ìsàlẹ̀-Ìrù, idà á sì wọ Olómi. Bí a bá jọ sá, wọ́n á bá wa, nítorí arúgbó wà lẹ́yìn yín. Afárá yìí kò gbà ju ẹnì kan lọ. Ẹ̀yin lẹ ní ọmọ."

"Lánìyọnu, kí ni mo máa sọ fún Ìbídùn?"

Lánìyọnu ti yí ẹ̀yìn padà, ó ń ki ìbọn. Bóyá ó gbọ́, bóyá kò gbọ́.

Ọdẹ́jìnmí sá. Ọkùnrin tí kò sá fún ẹfọ̀n, tí kò sá fún iwin, ó sá ní ọjọ́ náà, ó ń sunkún bí ó ti ń sá. Ìbọn ró lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ró mọ́.

Ilẹ̀ mọ́ kí ó tó lè padà. Àwọn ológun ti lọ, wọ́n ti ju igi náà sínú odò. Lánìyọnu wà ní etí omi, ní apá ibi tí àwọn wà, bí ẹni pé ó ti fẹ́ máa bọ̀. Àdá ni Ọdẹ́jìnmí fi gbẹ́ ilẹ̀. Ìyá Olósùn kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ oníka mẹ́fà kó yẹ̀pẹ̀, títí pípọ́n ọwọ́ rẹ̀ fi di dúdú.

Ó ní, "Nígbà tí mo ya ibí yìí, ìka ẹsẹ̀ kìnnìún ni mo fi ṣe."

N kò ní fi ọ̀nà àbọ̀ dá yín dúró. Àwọn igi Aṣìnilọ́nà tún pe orúkọ, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí kò dá wọn lóhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn tuntun kan ti kún àwọn tàtijọ́. Ó ka ọjọ́. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé. Ọjọ́ márùn-ún ṣì kù nígbà tí ó gun orí òkè tí a ti máa ń rí Olómi. Ó rí èéfín.

Àwọn ọba kò dúró. Ìgbórò ní Ìkòsùn ni ó kọ́kọ́ gbé ogun wá, Ìkòsùn ní Ìgbórò ni. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ìyà ń jẹ, àwọn àgbà ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀, wọn kò sì parọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà láàárín ilé mọ́kànlélógún. Ẹni tí ó bá rí i pé òun kò ní borí a máa yí òkúta sínú ìsun, kí ọ̀tá òun náà má baà rí i mu. Ní ọjọ́ kẹta, àpáta náà wó lulẹ̀, omi sì rì sínú ilẹ̀. Nígbà tí omi tán, ìjà tán. Ó ti di ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà, ogun kọ̀ọ̀kan ṣì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń wo ibi tí wọ́n jà sí.

Ìyá Olósùn ní kí Ọdẹ́jìnmí sọ òun kalẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun méjèèjì. Ó sọ fún àwọn olórí ogun ohun tí ó sọ ní yàrá rẹ̀, nípa ẹsẹ̀ tí kò rí ilẹ̀, nípa ọwọ́jà tí ó kúrú. Ó ní kò sí ẹni tó ni ibẹ̀ nínú wọn.

Balógun Ìgbórò, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára, ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti àádọ́ta ọdún?"

Ó ní, "Ẹ kò bi mí. Èmi náà kò bi yín bóyá ènìyàn wà níbẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Olómi tí ó ṣẹ́kù, tí wọ́n kó jọ sábẹ́ igi, ó sì kúnlẹ̀ fún wọn. Arúgbó àádọ́rin ọdún kúnlẹ̀ fún àwọn tí ó lè bí ìyá wọn. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dìde, kò sì sí ẹni tí ó nà án. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó kú sí ní ọdún kejì, kò sì fọwọ́ kan osùn mọ́ títí ó fi kú.

Ọdẹ́jìnmí wá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní ó wà ní àgọ́ kejì tí àwọn tó sá àsálà pa, lẹ́bàá odò gbígbẹ. Ó bá a níbi tí ó ti ń fẹ́ iná, òun nìkan. Ìbídùn gbé orí sókè, ó rí i, òun nìkan.

Ọdẹ́jìnmí ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, ọmọ ti lọ ṣeré. Ìbídùn ní nínú ọkàn tirẹ̀ pé, Lánìyọnu ti kọjá sí Ìkòsùn láti lọ jíṣẹ́ fún ọba.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Àjíún."

"A dúpẹ́. Ẹ kú ìdúró."

"Ọ̀nà ńkọ́?"

"Ọ̀nà dára."

Ó bu omi fún un, omi díẹ̀ tó pọ́n. Ó mu ún. Ọdẹ́jìnmí béèrè ewúrẹ́, Ìbídùn ní ewúrẹ́ ti lọ. Ó béèrè afọ́jú, ó ní afọ́jú wà, òun ni ó darí àwọn jáde nínú èéfín nítorí èéfín kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ìbídùn béèrè ìyá arúgbó, Ọdẹ́jìnmí ní àwọn rí i. Ìbídùn béèrè bóyá ẹsẹ̀ ọkọ òun kò wú. Ó ní kò wú. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa iṣu. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò, pé ó jọ pé yóò rọ̀. Oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ọmọ tí ó ti ibi eré dé.

Ìbídùn gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹun kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Ọdẹ́jìnmí na ọwọ́ sí oúnjẹ, ọwọ́ náà dúró sójú afẹ́fẹ́.

Ìbídùn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi mí."

Ó ní, "Ìwọ náà, jọ̀ọ́, má tíì bi mí."

Nígbà náà ni àwọn méjèèjì mọ̀. Ó pẹ́ kí Ọdẹ́jìnmí tó gbọ́ pé kì í ṣe idà ni ó pa Àjíún. Omi ni. Nígbà tí ìsun kò sí mọ́, àwọn ọmọ mu omi ẹrẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì mú wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi ṣe é. Ó ń béèrè nǹkan títí dé òpin. Ó bi ìyá rẹ̀ pé ọ̀nà ibo ni bàbá òun máa gbà bọ̀.

Wọ́n jókòó síbẹ̀, oúnjẹ wà láàárín wọn, ìkankan wọn kò fọwọ́ kàn án.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí máa ń bá a dé fún mi, n kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ kọjá ibẹ̀. Ẹ dìde, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ má kí mi, ẹ má yìn mí. Ẹ lọ sílé, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ pe àwọn ọmọ yín lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ títí olúkúlùkù yóò fi jẹ́.